Irúgbìn mẹ́ta tó kọ̀ tí kò hù lẹ́yìn ilé kan ní Àkúrẹ́

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an ní Àkúrẹ́, màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ilé wọn wà lójú ọ̀nà Ọbà-Ilé, ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá wọn wo ohun tí wọ́n gbìn. Wọ́n ti fọ́n ewédú sórí ebè kan lẹ́yìn ilé, wọ́n ti gbin ata rodo sínú abọ́ pẹrẹsẹ kan tí wọ́n da ilẹ̀dú sí, wọ́n sì ti gbin kóró kòkó sínú àwọn ọ̀rá dúdú tí wọ́n tò sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì sí ẹyọ kan tó yọ orí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èrò wọn ni pé kí ewédú ti máa wọ ìkòkò nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí owó rẹ̀ ń gbówó lórí, kí ata ti tó ṣí lọ sínú oko nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé ní Ẹrẹ́nà, kí kòkó sì ti di ọmọ igi tó dúró dáadáa kí oṣù Òkúdù tó dé, nítorí pé wọ́n ní ilẹ̀ díẹ̀ kan lójú ọ̀nà Ìdànrè tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn.

"Ọmọ mi, ayédèrú irúgbìn ni wọ́n tà fún mi ní Ọjà Ọba," ni wọ́n wí, wọ́n sì ti pinnu pé lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, àwọn yóò lọ bá obìnrin tó tà á fún wọn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má tíì lọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi irúgbìn fúnra rẹ̀ léèrè." Ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé nígbà tí irúgbìn bá kọ̀ nínú ilẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ni ojú ń rí, ìyẹn ilẹ̀ tí kò sí ewé lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó lè fà á pọ̀: ó lè jẹ́ pé kóró ti kú kí wọ́n tó gbìn ín, ó lè jẹ́ pé ó wà láàyè ṣùgbọ́n omi kò ráyè wọ inú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé òtútù ló ń fà á sẹ́yìn, ó lè jẹ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù kí ilẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn lórí, èèrà sì lè ti kó o lọ. Ẹni tó bá fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo rẹ̀ yóò fi oògùn kan ṣoṣo wò ó, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì ní san.

Mo béèrè gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, mo sì wo ibi tí wọ́n gbìn ín sí. Wọ́n ti bo ewédú mọ́lẹ̀ tó bí ìdajì ìka, èyí tó ti pọ̀ jù fún kóró tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń bomi rin abọ́ ata láràárọ̀, ṣùgbọ́n orí ògiri ọgbà ni abọ́ náà wà, ní ojú ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, tó fi jẹ́ pé kí ó tó di ọ̀sán, òkè ilẹ̀dú náà á ti gbẹ fúrúfúrú. Ní ti kòkó, mo ní kí wọ́n mú èyí tó ṣẹ́kù wá. Ó ti gbẹ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń dún nínú àpò bí a ṣe ń gbé e. Àbúrò wọn ló bù ú fún wọn nínú èyí tó fẹ́ kó lọ fún àwọn tó ń ra kòkó. Ọ̀rọ̀ ti kòkó ti yé mi láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ jáde, nítorí mo fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

Ó ṣẹ́kù díẹ̀ nínú ìdì ewédú àti ti ata tí wọ́n rà, èyí sì ni ó jẹ́ kí ìdánwò náà ṣeé ṣe. A fa aṣọ funfun òwú kan tó ti gbó ya, a fọ̀ ọ́, a fi omi mímọ́ rin ín, a sì fún un títí tí kò fi kán mọ́. A ka kóró ata 20 àti kóró kòkó 20, a tò wọ́n sórí aṣọ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ìkan má fara kan ìkejì, a ká aṣọ náà, a sì fi ìkọ̀ọ̀kan sínú ike tó ní ìdérí, láìdé e pa. Ewédú nìkan ni a pín sí ọ̀nà méjì, 20 sínú aṣọ kan, 20 sínú òmíràn, n óò sì sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. A kọ orúkọ irúgbìn àti ọjọ́ sórí ìwé, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ike kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, a gbé gbogbo rẹ̀ sórí pẹpẹ kan nínú ilé ìdáná, níbi tí ooru ààrò máa ń dé.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé nǹkan mẹ́ta ni kóró ń fẹ́ kó tó lè jí, ìyẹn omi, atẹ́gùn, àti ooru tó bá a lára mu. Omi ló ń kọ́kọ́ wọlé, tí yóò mú kí kóró wú. Ìgbà náà ni ọlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ọmọ igi kékeré tó ń sùn nínú kóró, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí, tí yóò máa jẹ oúnjẹ tí ìyá igi ti dì sínú kóró dè é, gbòǹgbò rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ yọ, kì í ṣe ewé. Nítorí pé ó ń mí ni a kò ṣe gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ nínú omi kíkún fún ọjọ́ púpọ̀, bí àwọn kan ti ń ṣe pẹ̀lú èrò pé omi púpọ̀ ni yóò mú un yá. Inú omi tó dúró sójú kan, atẹ́gùn díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kóró á rà, yóò sì máa rùn. Ẹ lè rẹ ilá tàbí àgbàdo sínú omi di ọjọ́ kejì, kò léwu, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ tó rin ló yẹ ẹ́. Láràárọ̀ ni Màmá ń ṣí ike wọ̀nyí kí atẹ́gùn lè wọlé, tí wọ́n ń wo ohun tó wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ wọ́n omi díẹ̀ sí aṣọ tó bá ti ń gbẹ.

Kòkó ló kọ́kọ́ dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ kò sì dára. Kò pẹ́ tí èbu funfun fi bo ọ̀pọ̀ nínú wọn, nígbà tí a sì fi ọ̀bẹ la díẹ̀ sí méjì, dúdú ni inú rẹ̀, ó ti rọ̀, kò sí ohun tó jọ ẹ̀mí níbẹ̀. Mo wá sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Kóró kòkó tí a ń tà kì í ṣe irúgbìn mọ́. Àgbẹ̀ ti kó o jọ, ó ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ 5 sí 6, kí omi dídùn tó wà lára rẹ̀ lè kan, kí ó sì lè ní òórùn àti adùn tí àwọn tó ń fi ṣe ṣokoléètì ń wá. Nínú òkìtì náà, ooru máa ń gòkè dé 45 sí 50°C, omi kíkan tó ń ti ibẹ̀ jáde a sì wọ inú kóró lọ. Láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan àkọ́kọ́, ọlẹ̀ inú rẹ̀ ti kú. Ikú yìí gan-an wà lára ohun tó ń sọ kóró di kòkó tí ayé mọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ.

Kódà, bí wọn kò bá bò ó mọ́lẹ̀ rárá, gbígbẹ nìkan tó láti pa á. Irúgbìn kan wà tó jẹ́ pé bí ó bá ṣe gbẹ tó ni yóò ṣe pẹ́ tó, bí ewédú, ata, àgbàdo àti ẹ̀wà. Òmíràn sì wà tí ó máa ń kú bí ó bá gbẹ, kòkó sì wà lára irú èyí, òun àti obì àti máńgòrò. Kòkó kì í sinmi láàárín ìgbà tó gbó àti ìgbà tó hù: bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú èso rẹ̀, ó ti ṣe tán láti hù, bí kò bá sì rí ọ̀rinrin, ó ń lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé fi sínú fíríìjì, nítorí òtútù náà á pa á. Àwọn ọmọ Ìpínlẹ̀ Òǹdó tí kòkó yí ká wọn láti kékeré lè rò pé kò sí ohun tí àwọn kò mọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé kòkó inú àpò ni a mọ̀, kì í ṣe kòkó inú nọ́sìrì.

Ti ewédú ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Apá kìíní nínú ewédú tí a pín ni a tò sínú aṣọ bí ó ṣe wà. Apá kejì ni a dì sínú aṣọ pélébé kan, Màmá gbé omi kaná títí ó fi hó, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ti ìdì náà bọ inú omi gbígbóná yìí fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10 péré, a sì yára fà á jáde sínú omi tútù. Ẹ̀rù bà wọ́n díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé a kò ní sè é báyìí?" Òótọ́ ni pé bí ó bá pẹ́ jù níbẹ̀, yóò jinná, nítorí náà ni mo ṣe ń kà á sókè. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, èyí tó rí omi gbígbóná ti yọ gbòǹgbò funfun tín-ín-tín-ín, ó sì ju ìdajì wọn lọ dáadáa. Nínú èyí tí kò rí i, díẹ̀ ló hù. Àwọn tó kù wà bí wọ́n ti wà, líle, gbígbẹ nínú aṣọ tó rin, bíi pé omi kò kàn wọ́n rí.

Èèpo ara kóró ewédú ló fa èyí. Ó le, ó sì dí tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò lè gba inú rẹ̀ kọjá, tó fi jẹ́ pé kóró tó wà láàyè pátápátá lè wà nínú ilẹ̀ tútù fún ìgbà pípẹ́ kí ó má ṣe hù. Nínú igbó, ohun rere ni èyí jẹ́ fún un, nítorí gbogbo rẹ̀ kò ní hù lẹ́ẹ̀kan náà kí ọ̀dá kan ṣoṣo má baà pa á run. Fún ẹni tó fẹ́ sebẹ̀, ìdènà ni. Omi gbígbóná máa ń la èèpo náà, omi tútù á sì wá ráyè wọlé. Kì í ṣe ìwé ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Àwọn ìyá tó ń gbin ewédú tà ti ń ti irúgbìn wọn bọ omi gbígbóná láti ìgbà tó ti pẹ́, àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn sì ti dán an wò, wọ́n rí i pé ọ̀nà tó tọ́ ni. Màmá rántí lójú ẹsẹ̀ pé ìyá tó bí àwọn náà máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n pé àwọn kò béèrè ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Ata rodo pẹ́. Àwọn ewédú ti hù, a ti da kòkó nù, ata kò sì sọ ohunkóhun. Ìwà rẹ̀ ni. Ata rodo fẹ́ ooru bíi 25 sí 30°C, nínú èyí tí yóò fi hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, bí òtútù bá sì wà, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóòótọ́ ni pé ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ní Àkúrẹ́ máa ń gbóná, ṣùgbọ́n ní òru ọyẹ́, ooru lè jábọ́ sún mọ́ 20°C, abọ́ tó sì wà lórí ògiri kò rí ohun tí yóò bò ó. Ìyẹn nìkan kọ́. Kóró tó ti mu omi, tí ọlẹ̀ rẹ̀ ti jí, kò tún ní agbára àtipadà sí oorun. Bí ilẹ̀ bá gbẹ mọ́ ọn lórí ní ọ̀sán, ó lè kú kí omi àárọ̀ ọjọ́ kejì tó bá a. Lórí pẹpẹ ilé ìdáná, níbi tí kò ti tutù tí kò sì gbẹ, gbòǹgbò ata bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tí èyí tó pọ̀ jù nínú 20 náà fi hù. Ọwọ́ ọlọ́jà mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ti ata, ó sì mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ti ewédú.

Ẹnìkan nínú ilé náà dá àbá pé ká da irúgbìn sínú omi, ká kó èyí tó bá léfòó dànù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́, n kò sì fọwọ́ sí i fún irúgbìn kéékèèké. Kóró ata fúyẹ́, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Atẹ́gùn díẹ̀ tó bá rọ̀ mọ́ ọn lára tó láti gbé e léfòó, bẹ́ẹ̀ ni kóró tó ti kú lè rì. Aṣọ tó rin kì í tan ènìyàn bẹ́ẹ̀, sùúrù nìkan ló ń béèrè.

Nígbà tó kan gbígbé wọn lọ sínú ilẹ̀, a kò ṣe gbogbo rẹ̀ bákan náà. Ewédú kéré jù láti máa gbé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdánwò lásán sì ni tiwọn nínú aṣọ. Ohun tí Màmá ṣe ni pé wọ́n ti gbogbo èyí tó ṣẹ́kù nínú ìdì bọ omi gbígbóná, wọ́n tẹ́ ẹ sí ìbòòji kí ara rẹ̀ lè gbẹ, wọ́n pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ó lè ṣeé fọ́n káàkiri, wọ́n fọ́n ọn, wọ́n sì wọ́n ilẹ̀ díẹ̀ sórí rẹ̀, ìwọ̀nba tó lè bò ó lójú. Mo tún sọ fún wọn pé ẹ̀wà àti ilá kò nílò kí á hù wọ́n nínú aṣọ kí á tó gbìn wọ́n, àfi bí ọjọ́ orí irúgbìn bá ń kọni lóminú, nítorí gbòǹgbò wọn yára, ó gùn, ó sì máa ń ṣẹ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Ata ni iṣẹ́ yìí yẹ jù. Ìgbà tí gbòǹgbò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí kò tíì gùn ju kóró fúnra rẹ̀ lọ, ni kí á gbé e. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́, gbòǹgbò á wọ inú òwú aṣọ, bí a bá sì fà á, yóò já. Bí ó bá ti wọ aṣọ, kí á gé aṣọ yí i ká, kí á sin ín mọ́ ọn. A kì í fi ọwọ́ mú gbòǹgbò. Ara kóró ni à ń mú, tàbí kí á fi orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó rin gbé e. A fi igi kan lu ihò sínú ilẹ̀dú, kò jìn ju bí ìbú èékánná ìka ọwọ́ kékeré lọ, a kọ ojú gbòǹgbò sísàlẹ̀, a sì rọra bò ó láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Màmá fúnra wọn ló gbin gbogbo rẹ̀, ọwọ́ wọn sì rọ̀ ju tèmi lọ.

Ìṣòro kan tún yọjú lẹ́yìn tí ata ti yọ ewé méjì àkọ́kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá díẹ̀ nínú wọn tó ṣubú lulẹ̀, tí ìdí wọn ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ní ibi tó ti kan ilẹ̀. Èbu inú ilẹ̀ ló ń ṣe èyí, ó sì máa ń ráyè níbi tí omi bá ti pọ̀ jù, tí atẹ́gùn kò ti kọjá, tí ohun tí a gbìn sì fún ara wọn mọ́. Nítorí ìbẹ̀rù gbígbẹ ìjọsí, wọ́n ti ń bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n sì ti fi ọ̀rá bo abọ́ náà tọ̀sán-tòru. A ká ọ̀rá náà kúrò, a fa àwọn tó ti ṣubú tu pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí wọn, a dá omi alẹ́ dúró, a sì gbé abọ́ náà sí ibi tí oòrùn òwúrọ̀ ti ń kàn án. Kò tàn dé ara àwọn tó kù. Fún abọ́ kejì, wọ́n kọ́kọ́ se ilẹ̀dú náà nínú ìkòkò àlòkù, wọ́n sì jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó lò ó; ìgbẹ́ adìẹ tútù tí wọ́n tún fẹ́ pò mọ́ ọn ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi sílẹ̀ títí yóò fi jẹrà dáadáa.

Ní ti kòkó, a bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀. Àbúrò Màmá mú odidi èso kòkó tó ti pọ́n wá láti Ìdànrè, èyí tí ọ̀bẹ kò kàn, tí òkété kò sì jẹ. Mo sọ fún wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ irú èyí tí a ti mú dára sí i, ibùdó ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nílẹ̀ Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ní oríṣi tiwọn tí wọ́n ń pè ní TC-1 títí dé TC-8. Kòkó oko lásán máa ń gba àtọ̀ òdòdó lára igi mìíràn, àwọn ọmọ rẹ̀ kì í sì í fi gbogbo ara jọ ìyá wọn. Wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ fi ti àbúrò àwọn kọ́ ọwọ́ ná.

Ọjọ́ tí a fẹ́ lò ó gan-an ni a la èso náà. A fi eérú pa omi dídùn funfun tó bo kóró kúrò, nítorí pé ó ń fa èèrà, a fọ̀ ọ́, a sì tò ó sáàárín àpò ìdọ̀họ méjì tó rin, ní ibi ìbòòji. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí gbòǹgbò fi ń yọ lára wọn, láti ìdí kóró tó sanra. Ibi tó sanra náà ni a kọ sísàlẹ̀ nínú ọ̀rá. Níbi tí a kò bá ti dá a mọ̀, a tẹ́ kóró náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbòǹgbò á wá ọ̀nà ara rẹ̀. A kò jẹ́ kó jìn, nítorí kòkó máa ń gbé odidi kóró rẹ̀ jáde sókè ilẹ̀ kí ó tó ṣí i sí ewé, bí ilẹ̀ bá sì wúwo lórí rẹ̀, ọrùn rẹ̀ á ṣẹ́. A da ilẹ̀ tí Màmá ti rọ sínú ọ̀rá wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀ jáde, a tún un pò, a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n lókè. Oṣù 4 sí 6 ni ọmọ kòkó ń lò nínú ọ̀rá, tó fi bọ́ sí àkókò tí òjò yóò ti fìdí múlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìdànrè.

Màmá lọ sí Ọjà Ọba lọ́jọ́ ọjà, wọ́n tún ra ewédú lọ́wọ́ obìnrin kan náà, wọ́n sì sọ fún un bí wọ́n ṣe ti irúgbìn rẹ̀ bọ omi gbígbóná. Nígbà tí mo padà débẹ̀ nípàárí Èrèlé, wọ́n ti já ewédú àkọ́kọ́, ata ti ní ewé mẹ́rin-mẹ́rin, ọmọ kòkó sì ti ń ṣí ewé pupa wọn lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Ewédú àti ata tó ṣẹ́kù wà nínú agolo gbígbẹ tí wọ́n kọ oṣù àti ọdún sí lára, nínú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀. Ti kòkó kò sí níbẹ̀: gbogbo kóró tó wà nínú èso tí a là ni wọ́n ti gbìn.